Sọ̀ Kalẹ̀ Nínú Ọkọ̀, Ọmọ Mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń wo ọmọkùnrin kan tó ra 2,000 búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀kù kan láì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀, kí atẹ́gùn tútù inú mọ́tò má baà sá jáde. Ó béèrè iye. Ó ní ó ti wọ́n jù. Wọ́n yọ díẹ̀ fún un. Ó tẹ fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó bóyá àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé." Ó ti wọlé. Ó yí gíláàsì padà sókè, ó lọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó àsìkò tí ènìyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì tán. Ilé tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ máa sùn sí ló rà yẹn.

Bí ìwọ bá ni, ọmọ mi, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Bí kì í bá ṣe ìwọ, má tíì dìde. Ó ń bọ̀ wá kàn ọ́.

Ọdún 33 ni mo ti ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìbàdàn níbí. N kò mọ búlọ́ọ̀kù rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta iyọ̀ fún olóúnjẹ máa ń mọ ọbẹ̀ tó máa tẹ́. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra sìmẹ́ǹtì. Mo mọ iye àpò tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀. Mo sì ń rí iye búlọ́ọ̀kù tútù tí wọ́n tò sí gbangba nírọ̀lẹ́. Ìṣirò yẹn ni n ó kọ́kọ́ kọ́ ọ, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Tú u sínú bárò, kò ní ju bíi ìdajì lọ. Òṣùwọ̀n tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí ń lò ni sìmẹ́ǹtì ẹyọ kan sí yanrìn mẹ́fà. Bó bá pọ̀ tán, mẹ́jọ. Ìyẹn ni pé àpò kan kò gbọdọ̀ rí ju bárò yanrìn mẹ́rin lọ. Bí ẹ̀rọ bá gbọ̀n ọ́n dáadáa tó dì, búlọ́ọ̀kù onínáìnì tó máa jáde níbẹ̀ kò ní ju bíi 20 sí 25 lọ. Onínáìnì ni èyí tó nípọn ní ínṣì 9. Onísíìsì, tí tirẹ̀ jẹ́ ínṣì 6, á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ó tín-ín-rín.

Ó wá ku ìwọ. Bí ọkùnrin kan bá ra àpò mẹ́wàá lọ́wọ́ mi ní aago méje àárọ̀, tí mo sì ka 500 onínáìnì tútù níwájú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ló di ìyókù mú? Yanrìn ló di yanrìn mú. Omi ló bá wọn purọ́. Bó o bá fojú wò ó lọ́jọ́ yẹn, búlọ́ọ̀kù ni. Bí oòrùn bá ti fa omi ara rẹ̀ tán, o ti fowó ra òkìtì yanrìn tó ní igun mẹ́rin.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, tó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ló jókòó sórí àpótí níwájú mi lọ́jọ́ kan tó tú àṣírí. Ó ní, "Ìyá, òkìtì méjì là ń tò. Ti apá ọ̀tún, ti ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá fọwọ́ kàn án ni. Ti apá òsì, ti ẹni tó bá pè wá lórí fóònù ni." Mo bi í pé ṣé kì í ká a lára. Ó ní ó ń ká òun lára. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn ará apá òsì gan-an ló máa ń ní kí wọ́n yọ owó jù. Wọ́n á ná ọjà títí èrè á fi tán, oníbúlọ́ọ̀kù á sì lọ wá èrè rẹ̀ nínú sìmẹ́ǹtì. Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí. Olè ni ẹni tó bu sìmẹ́ǹtì kù, n kò dá a láre. Ṣùgbọ́n ìwọ tó o fẹ́ ra ẹran ní owó eegun, ta lo rò pé ó jẹ gbèsè ẹran?

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí. Ìran wa kì í rajà láìdán an wò. Ìyá tó fẹ́ ra gàrí, á bu díẹ̀ sọ́wọ́, á dà á sẹ́nu, á rún un, á mọ̀ bóyá ó kan, á mọ̀ bóyá iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra epo á fi ìka tọ́ ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá mi bá fẹ́ ra ìkòkò, á gbé e sókè ojú ọ̀run kó lè rí i bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbì kan, á wá fi ìka gbá a. Bí ó bá dún ganran, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Bí ó bá dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, á gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, á ní, "Ẹ kú ọjà o," á sì kọjá lọ. Oníkòkò kì í bínú. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìwọ̀sí.

Ìkòkò tí kò tó owó ẹran lo ń gbá létí. Búlọ́ọ̀kù tó máa gba gbogbo owó àjọ rẹ, lo ń wò láti ojú fèrèsé mọ́tò. Ìtìjú ni àbí ìgbéraga? Àwọn méjèèjì ni, ọmọ mi. O kò fẹ́ kí eruku ba bàtà rẹ. O kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o kò mọ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ilé mi fún ọ. Ọkọ mi, kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún un, tíṣà ni. Ní 1998, a fẹ́ mọ ọgbà yí ilé wa ká. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló fẹ́ ta búlọ́ọ̀kù fún wa. Wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni. Nígbà tí wọ́n já ọjà náà sílẹ̀, mo ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká ju ọ̀kan sílẹ̀ wò." Ó wò mí bí ẹni tí mo tú aṣọ rẹ̀ lọ́jà. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ kí n dójú ti ọ̀rẹ́ mi ni?" Mo pa ẹnu mi mọ́. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń ta sìmẹ́ǹtì fún ọkùnrin náà. Mo mọ bí àpò tó ń rà ṣe kéré tó.

Ògiri náà dúró fún ọdún kan àti ààbọ̀. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, ó dùn ún wò. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan ló mú un. Kò wó bí igi ṣe ń wó. Ṣe ló yọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó tẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì dà sẹ́yìn ilé aládùúgbò wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan ti jókòó síbẹ̀ lábẹ́ páànù, ó ń ta ayò. Ìyá rẹ̀ ti ké sí i pé kó wá jẹun. Ó dìde. Ó wọlé. Ògiri dé.

Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ náà nínú ẹrẹ̀. Ẹni ọdún 57 dọ̀bálẹ̀ fún ọmọkùnrin tí ó kọ́ ní kíláàsì. Ọ̀rẹ́ tí ó ń tìtorí rẹ̀ tijú kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó ní òjò ni. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Òjò kan náà ló rọ̀ sórí ògiri gbogbo àdúgbò, tiwa nìkan ló wó. Títí Tíṣà fi kú, bí a bá ti fẹ́ ra nǹkan, á wò mí, á ní, "Ẹ dán an wò."

Ìdí nìyí tí n kò fi tijú mọ́. Bí ó ṣe yẹ kó o ṣe é nìyí.

Sọ̀ kalẹ̀. Kí àwọn tó o bá níbẹ̀, kí wọn kú iṣẹ́; àwọn lébírà ni kó o kọ́kọ́ kí, nítorí àwọn ló mọ ohun tó wà nínú yanrìn. Má bínú sí ẹnikẹ́ni, má ṣe ojú bí ọlọ́pàá. Rìn yí òkìtì náà ká. Búlọ́ọ̀kù tó o máa dán wò kì í ṣe èyí tí oníṣẹ́ bá nawọ́ rẹ̀ sí ọ. Fúnra rẹ ni kó o fà á yọ, láti àárín, láti ibi tí ojú kò tó. Mú mẹ́ta. Ẹyọ kan lè ṣì ọ́ lọ́nà.

Fi ojú wò ó ná. Igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú. Etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rí bí àkàrà tí eku jẹ. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ kó jọ eérú. Bó bá pọ́n bí ilẹ̀, amọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ya kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ sí i lára. Bó bá kàn fi àpá funfun sílẹ̀, ó dára. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé, tí yanrìn sì ń dà wìrìwìrì, o ti rí ìdáhùn. Gbé méjì, gbá wọn mọ́ ara wọn. Èyí tó gbó á dún ganran bí ìkòkò ìyá mi. Èyí tí kò gbó á dún bùù, wàá sì bá lára rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Lẹ́yìn náà, gbé ọ̀kan dé ibi ìbàdí rẹ, bíi mítà kan sí ilẹ̀, lókè ilẹ̀ líle, kí ó tẹ́jú, kí o sì jẹ́ kó jábọ́. Kì í ṣe pé kí o jù ú bí ẹni tó ń bínú. Igun kan lè fò, kò burú. Ó lè là sí méjì, kó o wá wo inú ibi tó ti là, bóyá ó dì, bóyá àwọ̀ rẹ̀ rí bákan náà látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá balẹ̀ tó di erùpẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ẹni da ìyẹ̀fun nù, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ ọkọ̀ rẹ.

Omi ni ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù. Kò ní ariwo, kò sì ní ojúsàájú. Ra ẹyọ kan, gbé e lọ sílé, rì í sínú omi láti alẹ́ di àárọ̀. Kò sí búlọ́ọ̀kù tí kì í mu omi, ṣùgbọ́n èyí tó dára á mu díẹ̀, á sì jáde bó ṣe wọlé. Fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀. Bó bá ń tẹ̀ bí ẹ̀bà, ògiri mi ti 1998 lo gbé lọ́wọ́ yẹn.

Oníbúlọ́ọ̀kù mìíràn á bínú. Á ní, "Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Sọ fún un pé ara ohun tó o wá rà ni o ń dán wò, kì í ṣe ìwà rẹ̀. San owó èyí tó o bá fọ́, má jẹ́ kó dùn ọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lójú á tiẹ̀ bá ọ gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ irú wọn, wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi tó máa ń gun orí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ fò níwájú oníbàárà. Ọjà rẹ̀ wọ́n. Kì í sì í bẹ ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, ìkánjú. Ibí ni ẹ̀yin ọmọ òde òní ti ń pa mí lára jù.

Iná ló ń mú gàrí gbẹ, omi ló ń mú sìmẹ́ǹtì gbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí. Wọ́n rò pé bí búlọ́ọ̀kù bá ti gbẹ, ó ti jinná. Irọ́ ni. Sìmẹ́ǹtì àti omi jọ ń ṣe iṣẹ́ kan nínú búlọ́ọ̀kù yẹn, tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Iṣẹ́ náà kì í parí lọ́jọ́ kan. Bí omi bá tán kí iṣẹ́ tó parí, iṣẹ́ dúró síbẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, lábẹ́ ibòji tàbí lábẹ́ ọ̀rá. Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù, nítorí atẹ́gùn yẹn á gbé omi jáde lára búlọ́ọ̀kù bó ṣe ń gbé e jáde ní ètè rẹ. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ fi ń ka agbára rẹ̀. Ọjọ́ 28! Ìyàwó tuntun á ti mọ ọ̀nà ọjà.

Ṣùgbọ́n kí ni mò ń rí? Wọ́n mọ ọ́n ní ọjọ́ Ajé, típà gbé e ní Ọjọ́rú. Mo ti rí èyí tí omi ṣì ń jò lára rẹ̀ nínú ọkọ̀. Bíríkìlà ń dúró, lébírà ń dúró, onílé ń sọ pé òun fẹ́ kó wọlé kí ọdún tó dé. Wọ́n gbé ẹrù àgbà ru ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá fọ́ nínú ọkọ̀, dírẹ́bà á ní ojú ọ̀nà ló burú.

Bàbá mi kọ́ ilé alámọ̀ kí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Nígbà náà, ọkọ̀ òkun ló ń gbé ọ̀pọ̀ sìmẹ́ǹtì wá láti òkè òkun, ẹni tó lówó ló ń rà á. Bàbá mi kò ní. Amọ̀ ni wọ́n gún, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé ìpele kan, wọ́n dúró kó gbẹ dé àyè kan kí wọ́n tó gbé ìkejì lé e. Bó o bá kánjú gbé e lé e, ìsàlẹ̀ á yọ ikùn, ilé á wó. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko ni wọ́n fi kọ́ yàrá mẹ́rin. Ilé yẹn ṣì ń gbé ènìyàn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ọmọ mi, ó sì ń dé orí rẹ̀.

Nítorí náà, bó o bá ti mọ̀ pé o máa kọ́lé lóṣù kẹta, lóṣù kìíní ni kó o ti san owó búlọ́ọ̀kù. Jẹ́ kí wọ́n mọ ọ́n lójú rẹ, tàbí lójú ẹni tó o gbọ́kàn lé, kì í ṣe ẹni tó máa ń bá wọn jẹun. Ka àpò tí wọ́n tú. Fi ọ̀dà kọ ọjọ́ sí ara àwọn kan nínú rẹ̀. Máa yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀, kó o wò ó bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tutù. Ilẹ̀ kì í parọ́.

Ẹlòmíràn á gbé ẹ̀rọ wá sórí ilẹ̀ rẹ̀, á ra sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, á ní kí wọ́n mọ ọ́n síbẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí àpò ń gba ẹ̀yìn jáde nígbà tí olówó sùn, tí wọ́n sì gbé e padà wá kí n rà á. Mo kọ̀ ọ́. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń kọ̀.

Yanrìn náà ṣe pàtàkì, má kàn gbójú lé sìmẹ́ǹtì. Yanrìn odò tó mú lọ́wọ́ la fi ń mọ búlọ́ọ̀kù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣáàpù sándì. Bu díẹ̀, fún un mọ́ ọwọ́, kí o jù ú nù. Bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá pọ́n, ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bó o bá fẹ́ mọ bí ẹrẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó, wá ìgò oníke tí a lè rí inú rẹ̀, bu yanrìn sí i dé ìdajì, fi omi kún un, fi iyọ̀ ṣíbí kan sí i kí ẹrẹ̀ lè tètè rọlẹ̀, mì í dáadáa, gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á tẹ́ lé e lórí bí ẹní. Bí ẹní yẹn bá fẹ́lẹ́, kò sí wàhálà. Bó bá nípọn tó ìka rẹ, kí onítípà gbé ẹrù rẹ̀ padà. Ẹ̀yin tó ń kọ́lé ní Èkó, ẹ ṣọ́ra fún yanrìn etíkun. Iyọ̀ ara rẹ̀ ń jẹ irin inú kọnkéré, ó sì ń mú kí ògiri hu funfun bí ẹni tí èélá mú.

Àpò sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, kà á. Wàá rí 32.5 tàbí 42.5 lára rẹ̀. Ní 2014, SON, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ bí ọjà ṣe dára sí, pàṣẹ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, pé 42.5 ni kí a máa fi kọ́lé. Bí ẹnì kan bá ń fi 32.5 mọ búlọ́ọ̀kù fún ọ nítorí ó dínwó díẹ̀, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun ni yóò sùn síbẹ̀. Fọwọ́ kan sìmẹ́ǹtì náà pẹ̀lú. Bó bá ti dì kókó bí gàrí tó jẹ omi, ó ti kú kí o tó rà á.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí, ti ọwọ́ àti ojú ni. Ó tó fún ọgbà, ó tó láti fi mọ òpùrọ́. Bí ilé rẹ bá máa ní òkè, má fi mọ síbẹ̀. Gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ibi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ọ̀pọ̀ pólì àti yunifásítì wa tó ń kọ́ni níṣẹ́ ilé kíkọ́ ní i. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé tirẹ̀. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, ní ibi iṣẹ́ ní Ọ̀tà. Ìwé ìlànà SON lórí búlọ́ọ̀kù, NIS 87, èyí tó jáde ní 2000, sọ pé búlọ́ọ̀kù ògiri tó ń ru ẹrù gbọ́dọ̀ gba 3.45 N/mm² kó tó fọ́. Ti ògiri tí kò ru nǹkan kan, 2.5. Bí 3.45 bá ṣòro fún ọ láti fojú inú wò, ronú báyìí: lórí onínáìnì kan tó gùn ní mìlímítà 450, tó nípọn ní 225, ó tó tọ́ọ̀nù 35. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti kó búlọ́ọ̀kù ojú pópó lọ sábẹ́ ẹ̀rọ yẹn ní oríṣiríṣi ìlú wa. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò súnmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ rárá.

Mo mọ ohun tó o máa sọ. "Ìyá, owó àyẹ̀wò ń kọ́?" Owó táílì ilé ìwẹ̀ nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ ra táílì, a ó rin gbogbo Ìbàdàn já. Bí a bá fẹ́ ra ohun tó máa gbé táílì dúró, fóònù ni.

N kò sọ pé búlọ́ọ̀kù nìkan ló ń wó ilé. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní Èkó, àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí. Òpó wà nínú ọ̀rọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, irin wà, ìpìlẹ̀ wà, ọwọ́ tó ya àwòrán ilé wà, ọwọ́ tó fọwọ́ sí i náà wà. Ẹni tó bá ní ohun kan ṣoṣo ló ń wó ilé kò mọ ilé. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Búlọ́ọ̀kù jẹ́ ọ̀kan lára ẹnu yẹn, òun sì ni ọ̀kan tí ìwọ, tí o kì í ṣe ẹnjinníà, lè fi ọwọ́ ara rẹ pa dé.

Bó bá sì ṣẹlẹ̀, wọn kì í pe orúkọ oníbúlọ́ọ̀kù. Wọn kì í pe orúkọ bíríkìlà. Ilé lágbájá ọmọ lágbájá ló wó. Orúkọ bàbá rẹ ni wọ́n máa gbé rìn. Tíṣà fi ọdún 30 kọ́ ọmọ ní àdúgbò wa, kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Ṣùgbọ́n fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn òjò yẹn, bí wọ́n bá ń júwe ilé wa fún àlejò, wọ́n á ní, "Ilé tí ọgbà rẹ̀ wó yẹn."

Mo gbọ́ pé o ti ra ilẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tún gbọ́ pé o ti bá oníbúlọ́ọ̀kù mẹ́ta sọ̀rọ̀, lórí fóònù. Mo rán ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni, kó ra ẹyọ kan kan láti àárín òkìtì. Ó ti gbé wọn dé. Wọ́n wà lẹ́yìn ilé mi, mo ti fi èédú sàmì sí wọn: ìlà kan, ìlà méjì, ìlà mẹ́ta. Òjò ti rọ̀ sórí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti mọ èyí tí n kò ní fi kọ́ ilé adìẹ, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ọ́ fún ọ. Wá ní ọjọ́ Sátidé, kí oòrùn tó mú. Fi bàtà àtàtà yẹn sílé. Wàá gbé wọn sókè fúnra rẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá sì jẹ́ kí wọ́n jábọ́.